Ojú Ọ̀gá àti Àwọn Kùkùté

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí inú Ọ̀gá Ìwọ̀n dùn, kó sáà gbé nǹkan kan síwájú rẹ̀, kó ní, "Ẹ bá mi wò ó, sà, báwo ló ṣe dára sí?" Ì báà ṣe àga tuntun, ì báà ṣe ìwàásù, ì báà ṣe ọmọ jòjòló tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti ọsibítù, bàbá náà yóò yọ awò ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò tún fi í sójú, yóò sì fún un ní máàkì. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ó sì pẹ́ nídìí máàkì ìwé ìdánwò débi pé nígbà tó fẹ̀yìn tì, kì í ṣe àárò ariwo àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń sọ ọ́. Àárò tó ń sọ ọ́ ni ti òkìtì ìwé tí wọ́n máa ń kó sórí tábìlì rẹ̀, tó dúró dè é bí ẹlẹ́wọ̀n tó ń retí ìdájọ́.

Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀. Ìwé ìmọ̀ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí gbogbo ayé jọ ń kọ. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹja á kọ nípa ẹja, ẹni tó mọ̀ nípa afárá á kọ nípa afárá, ẹni tí kò mọ nǹkan kan á wá máa tún kọ́mà tò. Àwọn tó ń kọ ọ́ pọ̀ bí omi, àmọ́ ẹni tó fẹ́ jókòó máa sọ bí àyọkà kọ̀ọ̀kan ṣe dára sí kò wọ́pọ̀. Ipò mẹ́ta péré ni wọ́n là sílẹ̀: àyọkà kúkúrú tí kò ní láárí ni kùkùté, èyí tó ti ń gbérí ni èéhù, èyí tó ti kún dáadáa ni igi. Ìgbà tí bàbá débẹ̀ tó rí àìmọye àyọkà kúkúrú tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún ní ipò kankan, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jogún oko. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ìwọ̀n. Òun náà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ní kí àlejò lè tètè mọ ibi tó yẹ kó kàn.

Bó ṣe máa ń ròyìn iṣẹ́ náà fáwọn èèyàn ni pé òun máa ń ka àyọkà kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀, òun á sì tún padà kà á, nítorí ẹ̀rí ọkàn. Bó ṣe ń ṣe é gan-an kò le tó bẹ́ẹ̀. Á ṣí i, á yí i lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá jìn, kùkùté. Bó bá ní àwòrán, tí ìtọ́kasí sì tò wálẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, èéhù. Bí ìpín tí wọ́n pè ní "Ìpìlẹ̀" bá wá ṣíwájú, níbi tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ bọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ojú bàbá á tàn yanran, torí bó ṣe kọ́ àwọn ọmọ láti máa kọ àròkọ nìyẹn. Igi ni! Tíì inú ife rẹ̀ kì í tíì tutù tí yóò fi dájọ́ fún odindi ìpínlẹ̀ kan, àti odò rẹ̀, àtàwọn olóyè rẹ̀.

Òun náà ló dá a lábàá nínú ìpàdé wọn pé kí wọ́n máa gbá àwọn kùkùté kúrò. "Ìtìjú ni wọ́n jẹ́ fún wa," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì na ìka sókè. Kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láyè oṣù kan láti hù. Bí kò bá hù, kí wọ́n kó o sínú àtòjọ gbọọrọ kan, orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, kó má ju ìlà kan lọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àmọ́ torí pé ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fẹ́ fi gbá wọn, kò sẹ́ni tó ráyè, òfin náà sì sùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìgbà tó yá ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjinníà pè é lórí fóònù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ ẹ̀rọ ní nǹkan, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni.

"Sà, ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ kan táá máa fún àwọn àyọkà kúkúrú wọ̀nyí ní ipò. Ẹ̀yin la fẹ́ kó fi ṣe àwòkọ́ṣe."

"Èmi kẹ̀?" Bàbá ti dìde dúró, kò mọ̀gbà tó dìde.

"Ẹ̀yin ni, sà. Kò sẹ́ni tó máàkì tó yín. Yàtọ̀ síyẹn, ìdájọ́ yín kì í yẹ̀. Àwọn tó kù, bí ebi bá ń pa wọ́n báyìí, ipò gbogbo ayé á wálẹ̀."

"Èmi kì í jẹun kí n tó máàkì. Ó máa ń mú ojú wúwo."

"A ti sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ, sà. Ojú Ọ̀gá."

Bàbá jókòó padà. Orí rẹ̀ wú débi pé fìlà tó dé sún díẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ sáré lọ sọ fún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Agbẹ̀bí ni màmá náà nígbà tó lágbára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́ báyìí, orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló máa ń wà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kọṣẹ́ o, ẹnu ṣì ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́.

"Tíṣà," màmá sọ nígbà tó gbọ́ ìròyìn náà tán, "wọ́n wá yọ ojú rẹ fi sínú ẹ̀rọ?"

"Àpèjúwe ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ṣe ń wo ìwé ni wọ́n ní kó máa wò ó."

"Kí ìwọ wá máa fi kí ni wòran?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà kíṣìnì. Màmá nawọ́ sí fóònù tó wà lórí àga. "Jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ẹ jẹ́ n gbọ́ tèmi."

Ohun tó pè ní tirẹ̀ ni àyọkà kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ náà, lọ́dún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọṣẹ́. Ìpínrọ̀ kan ni. Ó sọ pé màmá ni olórí àwọn agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà lẹ́bàá ojú irin. Ó sọ pé ó kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin níṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ló wá dé ibi tí ìwé ìròyìn kan ti sọ nípa rẹ̀ nígbà kan rí: "Ó máa ń fi omi gbígbóná yá ọwọ́ rẹ̀ kó tó kan aboyún, ó sì kọ́ gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti máa ṣe bẹ́ẹ̀." Ó parí. Ìtọ́kasí kan, kò sí àwòrán. Àwòrán kan péré ni màmá yà nínú aṣọ iṣẹ́, fìlà nọ́ọ̀sì tó dé nínú rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí gbogbo ayé wá máa wo fìlà wíwọ́ títí láé?" ló fi dá bàbá lóhùn nígbà tí bàbá tọrọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tán.

Lọ́sọ̀ọ̀sán, bí wọ́n bá ti gbé àwo oúnjẹ kúrò, ọmọbìnrin rẹ̀ á tẹ fóònù, fóònù á sì ka àyọkà náà sókè. Bí àlejò bá wà, àlejò náà á gbọ́. Ẹni tó wá tún páìpù ṣe ti gbọ́ ọ. Tó bá dé orí ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn, màmá á yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí aṣọ ìbora, á gbé wọn sókè díẹ̀, á máa wò wọ́n, bí ẹni tó pàdé àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni yóò sùn.

Ọ̀gá Ìwọ̀n ka àyọkà yìí dáadáa kó tó fún un ní ipò. Ó kà á, ó tún un kà, ó rò ó. Ó ní èéhù ni, kò sì ṣe ojúsàájú, ó kúrú lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tó kù tó yẹ kéèyàn sọ. Àyọkà yìí nìkan ni bàbá kà tán nínú gbogbo èyí tó máàkì láyé rẹ̀ níbẹ̀.

Ojú Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wo ohun tí bàbá ìbá wò títí dọjọ́ ikú. Òfin tó ti ń sùn náà bá jí, torí ẹ̀rọ kì í sọ pé òun ò ráyè. Bàbá ń yọ̀ kiri láti ojú ìwé kan sí òmíràn, ó ń mi orí, "Bí èmi náà ṣe máa ṣe é nìyẹn. Bí èmi gan-an!" títí tó fi dé orí àyọkà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kùkùté. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Ojú Ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀, àti pé bí kò bá hù láàárín oṣù kan, wọn yóò kó o lọ sínú àtòjọ àwọn agbẹ̀bí.

Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó yí i padà sí èéhù. Kó tó nu awò ojú rẹ̀ tán, ẹ̀rọ ti dá a padà sí kùkùté. Ó tún yí i, ẹ̀rọ tún dá a padà. Wọ́n jọ ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ọmọ méjì tí wọ́n ń ja aṣọ ìbora, títí ọ̀rọ̀ pupa kan fi yọ lójú kọ̀ǹpútà: "Ẹ ń ta ko Ojú Ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ ka ìlànà." Bàbá ló kọ ìlànà ọ̀hún.

Ó pe Ẹnjinníà.

"Ẹ̀rọ yín ti ṣàṣìṣe o."

"Ó lè ṣẹlẹ̀, sà. Èwo ni?" Bàbá ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lódìkejì. "Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti rí i. Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe rò ó. Ìpínrọ̀ kan. Kò sí àwòrán. Ìtọ́kasí kan ṣoṣo. Kò ní Ìpìlẹ̀. Gbogbo irú ẹ̀ tẹ́ ẹ ti wò rí, kùkùté lẹ pè é. Gbogbo ẹ̀ pátá, sà. Ẹyọ kan yìí nìkan ló yàtọ̀."

"Ṣé o rí i báyìí! Mo pe eléyìí ní èéhù."

"Ẹ̀rọ rí i, sà. Torí pé kò bá ìyókù mu rárá, ó ní ọwọ́ yín ló ṣì tẹ̀ ẹ́. Ó yọ ọ́ sọnù kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́."

Bàbá gbójú sókè. Fáànù ń yí lókè rẹ̀.

"Mo kà á ni," ó sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Èyí yẹn, mo kà á."

"Ẹ ní kí ni, sà?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Bó bá tún un sọ, Ẹnjinníà á bi í pé àwọn tó kù ńkọ́. Ó sì mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ò ní ìdáhùn tó lè bá orúkọ ara ilẹ̀kùn rẹ̀ gbé.

"Kò sí nǹkan kan," ó ní. "Ó dàárọ̀." Ọ̀sán gangan sì ni.

Ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, ojú kóówá nínú àpótí kékeré tirẹ̀. Lọ́yà kan ni alága wọn, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tó jẹ́ pé bó bá lé èèyàn jáde, onítọ̀hún á tún dúpẹ́.

"Bàbá wa, ẹ kú àtìlẹ́yìn. A ti ka ẹjọ́ yín. Ìṣòro kékeré kan ló wà ńbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín lẹ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, òfin ò sì gba mọ̀lẹ́bí láyè láti dá sí i."

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wá wò ó nígbà náà."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ẹlòmíràn. Ta la tún fẹ́ pè tí ojú rẹ̀ á mú ju tiyín lọ? Ojú yín gan-an ló sì wò ó yìí. Torí ọ̀wọ̀ tí a ní fún yín la ò ṣe lè ta ko yín."

Àwọn tó kù ń mi orí nínú àpótí wọn.

"Àmọ́ ṣá," lọ́yà náà sọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, "bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ fún wa pé bẹ́ ẹ ṣe wo àwọn tó kù ò dáa tó, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. A lè dá ẹ̀rọ náà dúró lónìí olónìí, ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nìyẹn, bàbá?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí bàbá sáà wọlé ló kù. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn tó ń pè é ní sà, tó ń pè é ní bàbá wa. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Rárá o!" ó ní. "Mo kà wọ́n látòkè délẹ̀."

"A mọ̀ bẹ́ẹ̀," lọ́yà náà sọ, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì.

Nígbà tí ọ̀nà méjèèjì dí, bàbá padà sídìí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó jókòó, ó ń bu omi la àyọkà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìpìlẹ̀: "Láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti wà ni wọ́n ti ń bímọ." Láti ibẹ̀ ó gba ayé àtijọ́ kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba tí ayaba wọn bímọ, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ. Ó fi máàpù ojú irin sí i. Ó ya géètì ilé ìgbẹ̀bí náà ní fọ́tò, àgádágodo ńlá wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ti tì í pa tipẹ́. Ó to bí oòrùn àti òjò ṣe máa ń rí ládùúgbò yẹn lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ìtọ́kasí tò wálẹ̀ bí eèrà.

Ojú Ọ̀gá wò ó. Èéhù.

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fún èèyàn ní máàkì, tó wá rí máàkì gbà, ta ló máa sọ fún un pé ó tó? Ó fi ìtàn ọkọ̀ ojú irin kún un.

Igi! Bàbá fọwọ́ lu tábìlì. Orí rẹ̀ wú dáadáa, odindi ìṣẹ́jú mélòó kan kọjá kó tó rántí pé òun kọ́ ni àyọkà náà ń sọ nípa rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ náà. Ìpínrọ̀ tirẹ̀ ti rì sáàárín ọṣẹ àti reluwé. Ó gbé e, ó fi í síwájú pátápátá, kí Ìpìlẹ̀ tẹ̀ lé e. Àyọkà náà já wálẹ̀ gbì, ó di kùkùté, torí Ọ̀gá Ìwọ̀n ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni tó fi Ìpìlẹ̀ sẹ́yìn rí. Ó dá a padà kíá. Igi. Ó tún gbìyànjú láti gé Ìpìlẹ̀ kúrú. Kùkùté. Ó dá a padà, ó sì káwọ́ gbera.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Wọ́n ní tèmi ti di igi," màmá sọ kó tó jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, àmọ́ ó ti ní kí wọ́n wé gèlè fún òun nítorí ọ̀rọ̀ náà. "Jókòó. Fóònù ló kù tí a ń retí."

Ọmọbìnrin rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ pé láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti wà ni wọ́n ti ń bímọ.

"Òótọ́ ni," ni màmá wí.

Ó fetí sílẹ̀. Ọba kan bímọ, òmíràn tún bímọ. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìgbà wo ni wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Ẹ ṣì ń bọ̀ níwájú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé kí n fò ó síbi tó kan yín, mọ́mì?" ọmọbìnrin rẹ̀ bi í.

"Má fo nǹkan kan o! Tèmi ni wọ́n ń sọ látẹ̀ẹ̀kan, o fẹ́ gé e?" Ó gbórí lé ìrọ̀rí. Nígbà tó máa dé orí ọṣẹ, ó ti sùn lọ.

Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ kejì, bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò sí ọjọ́ tí oorun ò gbé e lọ kí ọ̀rọ̀ tó kàn án. Lọ́jọ́ kan, bàbá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fẹnu ara rẹ̀ ka ìpínrọ̀ àtijọ́ náà fún un, torí ó ti há a sórí. Màmá gbọ́ ọ tán. Ó ti fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ó wá dá a dúró.

"Ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn?"

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Tíṣà. Mo ní ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn?"

"Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kò kàn sí níwájú ni."

"Èyí tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà fún mi." Ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà sórí aṣọ ìbora. "Tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọmọ aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Nígbà tí màmá sùn, ọmọbìnrin rẹ̀ rọra sún mọ́ bàbá.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ yìí, àbí? Ojú yín ṣáà ni. Ṣé ẹ ò lè bá a sọ ọ́ ni, kó jẹ́ ká gé e kúrú díẹ̀?"

"Kì í gbọ́ tèmi," ni bàbá wí.

Wọ́n jókòó síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ pa fóònù náà kí oorun má bàa dá. Ohùn inú rẹ̀ ń lọ geere, kò yára, kò falẹ̀. Ó parí ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ó sì wá dé ibẹ̀ níkẹyìn, ó sọ fún yàrá náà pé obìnrin yìí máa ń fi omi gbígbóná yá ọwọ́ rẹ̀ kó tó kan aboyún. Ojú bàbá wà lára ọwọ́ méjèèjì tó wà lórí aṣọ ìbora. Wọn ò mira.

Ó fẹ́ nawọ́ bà wọ́n. Ó rántí, ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ra ara wọn títí wọ́n fi gbóná. Kó tó ṣe tán, fóònù ti kọjá níbẹ̀, ó ti ń ka bí òjò ṣe máa ń rọ̀ lẹ́bàá ojú irin, lóṣù kìn-ín-ní, lóṣù kejì.